Kì í Ṣe Gbogbo Ìdákẹ́jẹ́ Ni Ìbànújẹ́

Ní òru ọjọ́ kẹta tí a gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi orúkọ ìyá wọn pè mí. Ìyá náà ti di ará ọ̀run láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àlá ni. Mo dá wọn lóhùn, mo tún ìrọ̀rí wọn ṣe, mo sì padà sórí àga oníke tí àwa tí a ń ṣọ́ aláìsàn máa ń sùn lé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò fọhùn. Ẹ̀kọ gbígbóná tí mo rà kò kan ẹnu wọn. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n sì ń fi ìka tu òwú lára aṣọ ibùsùn, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà.

Màmá Gbági ni gbogbo àwa ọmọ inú ẹbí ń pè wọ́n, nítorí pé aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ara ìwà wọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fínra. Egbò kékeré kan tí bàtà dá sí wọn lẹ́sẹ̀, tí ó kọ̀ tí kò jinná, ni ó gbé wa dé wọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni a sin ọkọ wọn.

Nígbà tí dókítà yí dé ọ̀dọ̀ wa ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó bi mí pé báwo ni Màmá ṣe sùn. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn kò jẹun, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni." Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Èmi ni mo fi kún un. Dókítà náà mi orí, ó fi ọwọ́ kan èjìká wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run yóò tù yín nínú." Lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé ìsoríkọ́ ni, pé òun yóò ránṣẹ́ sí oníṣègùn ọpọlọ kí ó wá wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, nítorí pé a ti rí orúkọ pe ohun tó ń ṣe wọ́n.

Orúkọ ẹlòmíràn ni a fún un.

Nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ alẹ́ ni ó bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì bèèrè. Ó ní: "Ṣé bí Màmá ṣe wà nìyí kí ẹ tó gbé wọn wá?" Mo ní rárá o, pé ní ìjẹta ni wọ́n ṣì ń júwe ìyàtọ̀ àǹkárá gidi àti ayédèrú fún obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì. Nọ́ọ̀sì náà fa àga mọ́ra, ó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé." Màmá Gbági, ẹni tí ó lè ṣírò iye owó tí oníbàárà ogún jẹ wọ́n láìwo ìwé, dákẹ́ títí. Wọ́n ní, "Sátidé… Jímọ́ọ̀…" Ọ̀rọ̀ dá sí wọn lẹ́nu. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo òrùlé bí ẹni pé ẹnì kan ń rìn níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà dìde, ó lọ pe dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti mọ̀ pé kòkòrò àrùn ti gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀, àti pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Kò sí ọ̀rọ̀ ìsoríkọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Àrùn inú ara ló ń da ọpọlọ rú. Bí a bá ti dúró de oníṣègùn ọpọlọ títí di ọ̀sẹ̀ kejì ni, bóyá òkú ni ì bá wá bá.

Ìdàrú ọpọlọ òjijì

Dìlíríọ́mù ni àwọn oníṣègùn ń pe ohun tó ṣe Màmá Gbági. Ní èdè wa, mo lè pè é ní ìdàrú ọpọlọ òjijì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara bá wà nínú wàhálà ńlá: àkóràn, àìtó omi lára, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí kò dọ́gba, ṣúgà tó gòkè tàbí tó já wálẹ̀, iṣẹ́ abẹ, tàbí oògùn tí kò bá ara mu. Àwọn àgbàlagbà ló sì máa ń tètè mú jùlọ.

Ọ̀nà méjì ni ó máa ń gbà yọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí aláìsàn ń pariwo, tí ó ń fa dírìpù tu, tí ó fẹ́ sá jáde. Èyí tí ó ṣe Màmá ni ìkejì, ìdákẹ́jẹ́ ni tirẹ̀. Aláìsàn á máa sùn, kò ní jẹun, kò ní dáhùn, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Irú ẹ̀yà kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń ṣì pè ní ìsoríkọ́, nítorí pé lókèèrè, ìrísí àwọn méjèèjì jọra.

Síbẹ̀, wọ́n ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìsoríkọ́ máa ń yọ́ wọlé ni, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Ìdàrú ọpọlọ òjijì a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, a máa lọ, a máa bọ̀, a sì máa burú sí i lálẹ́. Ẹni tí ó sorí kọ́ lè má fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn, ó mọ ibi tí ó wà. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kò lè di ọ̀rọ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ní kí Màmá ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 1990, Sharon Inouye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí àwọn tí kì í ṣe oníṣègùn ọpọlọ lè fi dá àìsàn yìí mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ohun mẹ́rin ni ó ní kí a wò: ṣé òjijì ni ó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń yí padà? Ṣé aláìsàn lè pa ọkàn pọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn? Ṣé ojú rẹ̀ dá bí ti àtẹ̀yìnwá?

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ni ó wà lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé òjijì ni. Mo mọ̀ pé wọ́n pè mí ní orúkọ òkú. N kò sọ ọ́, dókítà kò sì bèèrè, nítorí pé ikú ọkọ ti jókòó sí àárín èmi àti òun.

Ìdákọ̀ró

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí ènìyàn tó kàwé, tó ní àánú lójú, ṣe lè ṣi aláìsàn kà bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan dókítà náà. Àwa àti òun ni a jọ ṣe é.

Ní ọdún 1974, Amos Tversky àti Daniel Kahneman tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó yí ojú tí a fi ń wo ìdájọ́ ènìyàn padà. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò wọn, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, wọ́n sì bi àwọn ènìyàn pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Kẹ̀kẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà. Síbẹ̀, àwọn tí kẹ̀kẹ́ dúró sí 10 fún wá 25 bí ìdáhùn àárín; àwọn tí ó dúró sí 65 fún wá 45. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ti so ọkàn wọn mọ́lẹ̀. Ìdákọ̀ró ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: bí ọkọ̀ ojú omi bá ti sọ ìdákọ̀ró sódò, ó lè máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè lọ jìnnà.

"Ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni." Èmi ni mo sọ ìdákọ̀ró sódò. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, gbogbo ohun tí Màmá ń ṣe ń jẹ́rìí sí ìtàn opó. Àìjẹun di ọ̀fọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ di ọ̀fọ̀. Òwú tí wọ́n ń tu, tí ó jẹ́ àmì tí ẹni tó mọ̀ ì bá ti rí, di ọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa rí: bí ó bá ti rí ìtàn tó bára mu, ó máa ń ṣa ẹ̀rí tó bá a lọ, ó sì ń fi ojú fo èyí tó kù. Ìdájọ́ a sì parí kí ẹlẹ́rìí tó dé. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń dájọ́ lè jẹ́ onínúure gbáà; ẹjọ́ ẹnìkan náà ló ṣì gbọ́.

Ẹ̀yà mìíràn tún wà. Ní ọdún 1982, Steven Reiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn tí òye wọn kò jí dáadáa láti kékeré. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní àìsàn ọkàn, àwọn onímọ̀ máa ń kó gbogbo rẹ̀ lé àìjí òye náà lórí. Ohun tí a ti mọ̀ ti ṣíji bo ohun tí a kò tíì mọ̀. Lónìí, àwọn oníṣègùn ń lo èrò ìṣíjibò yìí fún ibi púpọ̀, pàápàá fún ẹni tí ó ti ní àìsàn ọpọlọ rí: bí ó bá wá sọ pé àyà ń dun òun, wọ́n á ní ìtàn àtijọ́ náà ni.

Àṣìṣe yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. George Gershwin, gbajúgbajà olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ní orí fífọ́ ní ọdún 1937, ó sì ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná níbi tí kò sí iná. Àwọn tó yí i ká mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í lélẹ̀, ó sì ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé pẹ̀lú ìdájọ́ pé ó jọ pé láti inú ọkàn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ní oṣù Keje, ó dákú, kò sì jí mọ́. Kókó ńlá ni wọ́n bá nínú ọpọlọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ní ọmọ ọdún 38.

Ọ̀rọ̀ Susannah Cahalan dára ju ìyẹn lọ. Ọmọ ọdún 24 ni, akọ̀ròyìn ní ìlú New York, nígbà tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì ní ọdún 2009: ìfura, ẹkún, ẹ̀rín, gìrì. Dókítà kan ní ọtí àti iṣẹ́ àṣejù ni. Àwọn kan rò pé wèrè ti dé. Dókítà Souhel Najjar ni ó fún un ní bébà, tí ó ní kí ó ya aago. Susannah ya róbótó, ó sì kó gbogbo nọ́ńbà, láti 1 dé 12, sí apá ọ̀tún nìkan. Apá òsì ṣófo. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi hàn pé apá kan ọpọlọ rẹ̀ ń wú. Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń bá ọpọlọ rẹ̀ jà, àìsàn tí ẹgbẹ́ Josep Dalmau ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní 2007. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2012. Bébà àti bírò ló tú àdììtú náà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ gbà pé ìdáhùn tó wà nílẹ̀ lè má jẹ́ òótọ́.

Àṣìṣe kejì

Màmá Gbági jí padà ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti bàjẹ́, wọ́n sì gé ìka ẹsẹ̀ méjì kí egbò má bàa gòkè. A padà sílé.

Mo rò pé ìtàn ti parí. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀, pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí dókítà má máa fi ọ̀rọ̀ ọkàn bo àrùn ara. Ìdajì ẹ̀kọ́ náà péré nìyẹn.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, a ṣàkíyèsí pé Màmá kò bèèrè ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ wọn á wá ṣe ìṣirò, wọn kò ní wò ó. Wọ́n fi ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀. Wọ́n á jí ní aago mẹ́ta òru, wọn kò ní padà sùn. Wọ́n ń fo oògùn àtọ̀gbẹ. Ní ọjọ́ kan tí mo ń bá wọn gé èékánná, wọ́n ní: "Ọmọ mi, kí Ọlọ́run kúkú pè mí kí gbogbo yín lè sinmi."

A padà sọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ó wo egbò, ó ní ó ń jinná. Nígbà tí ìyá mi sọ pé inú ẹ̀gbọ́n òun kò dùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Ẹ̀yin náà, ta ni wọn yóò gé ní ìka ẹsẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò máa dùn? Yóò lọ bó bá yá." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Gbogbo wa mi orí. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

Ẹ kíyèsí i. Ní àkọ́kọ́, a ní ìbànújẹ́ ni nígbà tí àrùn ara wà níbẹ̀. Ní ìkejì, a ní kò sí nǹkan níbẹ̀ nígbà tí ìsoríkọ́ gan-an ti dé. Ẹnì kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Ohun kan náà sì ni ó tàn wá jẹ nígbà méjèèjì: ìtàn tó yé wa. Nítorí pé a mọ ohun tó fà á, a rò pé a ti mọ ohun tó jẹ́, a sì rò pé kò nílò ìtọ́jú.

Bí òjò bá rọ̀ tí òrùlé jò, gbogbo wa mọ̀ pé òjò ni. Ta ni yóò torí ìyẹn sọ pé kí omi máa kún yàrá? Bí ọkùnrin kan bá já láti orí igi ọ̀pẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, kò sí ẹni tí yóò sọ pé, "Ta ni yóò já láti orí ọ̀pẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dá?" kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ọkàn, ìdí tó ṣe kedere máa ń di àwáwí láti má ṣe nǹkan kan.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ìwádìí ti fi hàn pé ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ láàárín àwọn alátọ̀gbẹ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bí ó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ó sorí kọ́ kì í lo oògùn déédéé, kì í ṣọ́ oúnjẹ, kì í wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣúgà á gòkè, egbò á tún yọ. Ara á ṣe ọkàn léṣe, ọkàn á tún ṣe ara léṣe.

Mo gbà pé kò rọrùn fún dókítà láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àárẹ̀, àìjẹun àti àìsùn wà nínú àmì ìsoríkọ́; àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ àti àrùn kíndìnrín náà máa ń fà wọ́n. Èwo ni ti èwo? Ní ọdún 1983, Zigmond àti Snaith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwé ìbéèrè kan fún àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn gbogbogbò, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn àmì ara kúrò nínú rẹ̀. Kàkà kí ó bèèrè nípa oúnjẹ àti oorun, ó ń bèèrè bóyá ohun tí aláìsàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn, bóyá ó ṣì lè rẹ́rìn-ín, bóyá ó ń fi ayọ̀ retí ohun tó ń bọ̀. Ní 1994, O. A. Abiodun tẹ ìwádìí jáde lórí lílo ìwé ìbéèrè náà ní Nàìjíríà. Irinṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa.

Kí a tó kúrò níwájú dókítà ọjọ́ náà, mo rántí nọ́ọ̀sì alẹ́. Mo yíjú sí Màmá, mo ní: "Màmá, láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ohun kan wà tó dùn mọ́ yín nínú?" Wọ́n wo ilẹ̀. Mo ní: "Ọjọ́ mélòó nínú ọ̀sẹ̀ ni ayé ń sú yín?" Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní: "Lójoojúmọ́ ni, ọmọ mi." Mo wá ka ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ fún dókítà, pẹ̀lú ọjọ́ wọn: ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ìṣirò, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fo oògùn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí mo ń gé èékánná. Dókítà náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ́tí. Ó yẹ kí n sọ èyí fún un: kò bínú. Ọjọ́ náà gan-an ni ó kọ ìwé sí oníṣègùn ọpọlọ.

Èdè tí a fi ń ṣàìsàn

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá, ohun kan tún wà tí n kò lè fojú fò. Àwa Yorùbá kì í sábà sọ pé "mo sorí kọ́". A máa ń sọ pé orí ń gbóná, àyà ń já, ara wúwo, nǹkan ń rìn nínú orí. Ní ọdún 1987, R. O. A. Makanjuola kọ àpilẹ̀kọ nípa ọdẹ orí láàárín àwọn aláìsàn Yorùbá. Ó ṣàlàyé pé ara ni wọ́n fi ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n: bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí àti káàkiri ara, ariwo nínú etí, àyà tó ń lù kì-kì-kì. Lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìsoríkọ́ tàbí àníyàn líle lè wà.

Dókítà tí kò mọ èyí lè gbọ́ "orí mi ń gbóná" kí ó kọ oògùn ibà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n náà lè ṣìnà. Alátọ̀gbẹ tí ó ní "nǹkan ń rìn mí lẹ́sẹ̀" lè máa sọ òótọ́ pọ́ńbélé nípa iṣan ìmọ̀lára tí ṣúgà ti ń bàjẹ́. Bí oníṣègùn bá tètè sọ pé ọ̀rọ̀ ọkàn nìyí, ó ti tún sọ ìdákọ̀ró mìíràn sódò. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé lè má jẹ́ ohun tó ń ṣe gbogbo ọlọ́ya, láìka ohun tí òwe wí sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí a bi ẹni tó sọ̀rọ̀ pé: "Kí ni ẹ ní lọ́kàn? Báwo ló ṣe ń ṣe yín? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Iṣẹ́ tiwa

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, púpọ̀ nínú wa ti dé ọjọ́ orí tí àwa ni à ń gbé àwọn òbí lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà lè ní aláìsàn àádọ́ta láti rí kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwa ní ẹnì kan. Àwa la mọ bí ẹni náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fi ẹsẹ̀ Màmá Gbági kọ́ nìyí.

Ẹ sọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rò. "Láti alẹ́ àná ni, wọ́n pè mí ní orúkọ ìyá wọn" wúlò ju "ìrònú ni" lọ. Bí ikú tàbí ìjà bá wà nínú ilé, ẹ má fi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wá lẹ́yìn.

Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ó ń lọ ó ń bọ̀. Bí ìwà àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn bá yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàjáwìrì ni. Ẹ má gbé e lọ sílé àdúrà kí ẹ tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Àdúrà ṣeé gbà ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ kó gbogbo oògùn dání, títí kan àgbo àti èyí tí a rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Oògùn náà lè da ọpọlọ rú.

Bí ìbànújẹ́ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ènìyàn nínú mọ́, ẹ má gba "ta ni kò ní bànújẹ́" ní ìdáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé ikú yá òun lára, ẹ má bá a wí, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ sọ fún oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ìparí, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi dókítà ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún lè jẹ́?" Kì í ṣe àfojúdi. Ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́ ara wọn láti bi ara wọn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé mímọ̀ nípa ìdákọ̀ró kò ní kí ó má mú ènìyàn.

Ó gba oṣù púpọ̀, oògùn àti ìjókòó sọ̀rọ̀, kí Màmá Gbági tó padà sí ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń wọ bàtà ìtẹ̀lẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n kórìíra. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ní kí n má fi orúkọ àbísọ àwọn sí i. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rántí nípa òru ilé ìwòsàn yẹn. Wọ́n ní àwọn kò rántí púpọ̀. Wọ́n rántí pé gbogbo ènìyàn ń kí àwọn kú ọ̀fọ̀, wọ́n sì rántí ọmọbìnrin kan tó ń bi àwọn ní ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní: "Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ o. N kò kàn rí i mú ni."